Ìyá Alága Ló Kọ́kọ́ Kígbe

14, Òpópónà Brookside,
Glace Bay,
Nova Scotia.
20 Oṣù Kẹrin, 2009.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Sheila,

Ní Sátidé tó kọjá, Àǹtí Morag dìde láàárín èrò, wọ́n kígbe "Ṣíọ̀!" mọ́ Effie, ọmọ bíbí inú wọn. Ọpẹ́ ni fún wọn.

Kí n tó ṣàlàyé, ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Calgary? Ṣé eékún ọkọ rẹ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le. Òtútù nìkan ni kò tíì fẹ́ lọ.

O ṣáà mọ àṣà wa nídìí họ́kì orí yìnyín. Bí alága líìgì bá ti tẹ orí yìnyín láti gbé ife-ẹ̀yẹ fún ẹgbẹ́ tó borí, "Ṣíọ̀!" la fi ń pàdé rẹ̀. Ogún ọdún ni Hector MacPhail fi gbọ́ ọ. Á ṣí fìlà, á rẹ́rìn-ín, líìgì sì tòrò. Leonard Surette tó jẹ tẹ̀ lé e kò fẹ́ bí ẹnikẹ́ni nínú. Kò fìyà jẹ ẹgbẹ́ kankan, ni ìjà bá gbòde. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa fún un lọ́jọ́ ife. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, àwọn tó ni ẹgbẹ́ ti yọ ọ́. Wọ́n ní alága tí kò bí ẹnì kankan nínú kò ṣiṣẹ́.

Effie tí wọ́n fi jẹ alága lẹ́yìn rẹ̀ kò bẹ̀rù ìbínú. Ó fòfin de gólì tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ ìlú wa, nítorí ó fi igi gbá èèyàn lẹ́nu. Síbẹ̀ a gba ife. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e jáde, ojú ti àwọn èèyàn láti kígbe mọ́ ọmọ ìlú. Ni wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́! Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ń wò láti òkè. Ojú Effie funfun ju yìnyín lọ.

Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ní, "Ẹ jẹ́ ká yẹ́ ẹ sí, ọmọ wa ni."

Àǹtí Morag yíjú sí i. "O fẹ́ kí wọ́n lé e níṣẹ́ ni, olórí ẹja yìí?" Ni wọ́n bá gun orí àga. "Ṣíọ̀! Effie! Dá gólì wa padà!"

"Àǹtí, ẹ rọra, ẹ ó ṣubú."

"Ìwọ náà kígbe! Àbí o ò lẹ́nu ni?"

Mo kígbe. Ni gbogbo ilé ìṣeré bá gbè é. Effie ṣí fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àwọn tó ni ẹgbẹ́ dìbò lánàá. Mẹ́ta ní kó dúró, méjì ní kó lọ. Ẹni mẹ́rin ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí Effie tó lè dúró. Kùrukùru ni kò jẹ́ kí ẹni kẹfà, Ambrose Foley ará Newfoundland, lè wá. Ó ní òun yóò fi èsì ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Àǹtí Morag náà kí yín; wọn ò kúrò nídìí tẹlifóònù láti àárọ̀. A gbọ́ pé Foley fi rédíò tẹ̀ lé ìdíje náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni bóyá ó ti pa rédíò kí Àǹtí tó gun àga, tó fi jẹ́ pé àtẹ́wọ́ nìkan ló gbọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ohùn rẹ̀ ṣì há,
Murdo.