Abọ́ Ìyá Kàrímọ́tù

Ẹ̀yìn Ilé Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
Gadumo, Lọ́kọ́ja,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ Ajé, oṣù Karùn-ún.

Tìmílẹ́yìn ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Okun o! Kú iṣẹ́, kú òtútù, kú ilẹ̀ àjèjì. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti jẹ́ kí o rímú mí? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ ní ìdúró, kó sì bá ọ lẹ́rìn-ín. Èmi náà wà dáadáa lọ́lá Olúwa, àfi oòrùn Lọ́kọ́ja tó ń yan wá bí ẹni yan ẹ̀pà. Iná ti lọ láti àná. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo jókòó sí, mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, mo ń fi tòsì fẹ́ra.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti tú àṣírí rẹ. Ó ní bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù, ńṣe lo máa ń jẹ́ kó sáré, tí èmi ìyá rẹ á máa dún bí òròmọdìyẹ. O káre! Lẹ́tà ò ṣeé sáré gbọ́. Jókòó kí o kà á.

Ilé tí o ń kọ́ fún mi ní Felele ti dé òrùlé. Mo lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kápíńtà wà lórí rẹ̀. Ọlọ́run á kọ́ tìrẹ fún ọ. Mo mọ̀ pé o ti ń retí kí n dá ọjọ́ tí n ó kó lọ síbẹ̀, mo sì ń yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ìgbà yìí wá. N ó dá ọ lóhùn nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ìrìnàjò mi, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà.

O rántí pé o ní kí n má lọ. O ní kí ni obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún ń dùn, ń wá lọ sí orílẹ̀-èdè ẹlòmíì lórúkọ iṣẹ́ ìhìnrere. Mo lọ, mo sì ti dé. Èmi náà ti di ará òkè òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò rí òkun kankan lọ́nà. Ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, tí àwa ń pè ní Kútọnu, la lọ, ní abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ Ìdí-Emi, lápá Ṣábẹ̀ẹ́. Ìjì ti ká òrùlé ilé ìgbẹ̀bí wọn lọ pátápátá, ìjọ kékeré tó wà níbẹ̀ sì ránṣẹ́ sí ìjọ wa pé ká gba àwọn. A kó páànù, a kó ìṣó, a kó kápíńtà àti àwọn ọ̀dọ́ akọrin, Nọ́ọ̀sì Patricia sì gbé àpótí oògùn rẹ̀. Bí ọkọ̀ wa ṣe ń jáde nílùú, mo wẹ̀yìn wo Òkè Patti, mo ní Olúwa, mú mi padà wá rí òkè yìí.

Díákónì Mákánjúọlá ni olórí wa. O mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń fọn fèrè sí àwọn ọlọ́kọ̀ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì bíi pé ọlọ́pàá ni. Èmi ni olórí ìdáná. Kí a tó gbéra ni Díákónì ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oúnjẹ àwọn ará abúlé náà. Ó ní ìyà ti jẹ wọ́n tó, a ò lọ síbẹ̀ lọ kún ìnira wọn. Ká sòótọ́, òfin náà dùn mọ́ mi nínú. Mo di ìrẹsì, mo di ẹ̀wà, mo di gàrí, mo di Indomie. Kódà omi tí a máa mu, láti Lọ́kọ́ja la ti gbé e.

Tìmí, àwọn ènìyàn yẹn gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń sọ, ẹnu wọn sì jọ ẹnu àwa ará Ìjùmú débi pé ẹ̀rín ń pa mí. Kìrìsìtẹ́nì àti mùsùlùmí wọn kì í ya ara wọn sọ́tọ̀. Ìyá Kàrímọ́tù, àgbàlagbà kan tí eyín rẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ mọ́, ni agbẹ̀bí wọn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń jẹ́ Bàsítì, Màrdíyà sì ni ìyàwó Bàsítì. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Màrdíyà, oyún rẹ̀ sì ti sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí a dé. Nọ́ọ̀sì Patricia yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò lè pẹ́ mọ́.

Ìyá Kàrímọ́tù ló sọ fún mi pé oyún kejì rèé. Ti àkọ́kọ́, orí ọ̀kadà ni wọ́n gbé Màrdíyà lé lọ sí ọsibítù ìlú, torí pé ilé ìgbẹ̀bí náà ti ń jò nígbà yẹn. Ọ̀nà yẹn ò dáa, gegele ni gbogbo rẹ̀. Wọn ò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ tí ọmọ fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo sọ fún Màrdíyà pé kó fọkàn balẹ̀, abẹ́ páànù tuntun ni yóò bí eléyìí sí. Mo fi orúkọ Jésù búra fún un, èmi aláṣejù yìí.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin abúlé tú jáde. Wọ́n ń ru igi, wọ́n ń kọrin. Lọ́sàn-án, Ìyá Kàrímọ́tù gbé abọ́ tánganran ńlá kan wá, ó fi aṣọ funfun bò ó. Iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí wọ́n fi wàrà sè. Òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì dá abọ́ náà padà bó ṣe wà. Mo tilẹ̀ fi bísíkíìtì lé e lórí! Inú mi dùn sí ara mi. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé e wá, mo tún dá a padà. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọkùnrin tó wá ṣiṣẹ́ ti dín kù, n kò sì rí ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò wá. Mo ní ẹnikẹ́ni! Àwọn akọrin wa ò lágbára àti gbé igi ńlá yẹn sókè, àwọn kápíńtà wa ò sì ju méjì lọ. Òjò ti ń ṣú lápá ìlà oòrùn. Díákónì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ṣé ilé tiwa ni. Èmi bínú ju tirẹ̀ lọ. O mọ̀ mí, n kì í fi ìbínú sùn. Mo wé gèlè mi, mo mú ọ̀nà ilé Ìyá Kàrímọ́tù pọ̀n, pé mo fẹ́ lọ bá wọn sọ òkò ọ̀rọ̀.

Màrdíyà nìkan ni mo bá lábẹ́ igi, ó ń bẹ iṣu. Mo da gbogbo ẹjọ́ mi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó bá bá wa kọ́lé níbí, oúnjẹ wa ló máa ń jẹ, abọ́ a sì padà lófìfo. Nígbà yẹn la máa ń mọ̀ pé ó ti di ara wa, ilé náà sì ti di tiwa. Abọ́ ti padà tòun toúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ilé àwọn àlejò lẹ ń kọ́. Kò sóbìnrin tó máa bímọ síbẹ̀."

Mo bi í pé òun náà ńkọ́. Ó fọwọ́ pa ikùn rẹ̀, kò wo ojú mi. Ó ní Bàsítì ti ń tún ọ̀kadà ṣe.

Ọmọ mi o! Gbogbo páànù tí a rù kọjá ẹnubodè, gbogbo àdúrà, gbogbo orin, ọmọ yìí sì tún fẹ́ gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà tó pa ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé èmi Fadékẹ́ kọ iyán! Mo béèrè bóyá àtúnṣe wà. Màrdíyà wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ebi ń pa yín ni?" Mo ní ebi ń pa mí gan-an.

Mo padà sí ibùdó wa, mo gbé abọ́ tí a fi ń bu ìrẹsì, mo da ìrẹsì inú rẹ̀ sínú ìkòkò, mo gbé e lófìfo gba àárín abúlé kọjá. Díákónì ń sáré tẹ̀ lé mi, ó ń pariwo pé, "Màmá Tìmí, ẹ fẹ́ dójú ti ìjọ Ọlọ́run!" Mo ní Díákónì, ẹ lọ gbé abọ́ tiyín wá. Gbogbo ènìyàn ti jáde síta, wọ́n ń wò wá. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Kàrímọ́tù, mo gbé abọ́ náà lé ọwọ́ méjèèjì, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lóúnjẹ. Ebi ń pa mí."

Ìyá wò mí títí. Mo rò pé yóò lé mi. Àfi bó ṣe rẹ́rìn-ín, tí mo rí gbogbo eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀, tó sì figbe ta sí àwọn obìnrin agboolé. Kíá, odó ti ń dún káàkiri. Tìmí, a jẹun! Díákónì kọ́kọ́ ń lọ́ tìkọ̀, nígbà tó ṣe, ó bọ́ kóòtù, ó ń làágùn, ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i. Nígbà tí a jẹ tán, Ìyá Kàrímọ́tù gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ariwo ayọ̀ sọ. Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ kejì, a ò tíì ṣe àmín àdúrà àárọ̀ tán tí àwọn ọkùnrin ti kún orí ògiri. Iṣẹ́ wá ń yá. Ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe ń ti mọ́sálásí bọ̀, ni ọmọ mú Màrdíyà. Òjò ti ṣú dùdù, ó sì ku apá kan òrùlé tí a ò tíì kàn. Bàsítì ti gbé ọ̀kadà síta. Ìyá Kàrímọ́tù ò tilẹ̀ wo ọ̀kadà náà. Ó di Màrdíyà lọ́wọ́ mú, ó mú un wọ ilé ìgbẹ̀bí, ó ní kí àwọn tó wà lókè máa kan ìṣó wọn.

Tìmí, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin ń fi òòlù lu páànù lókè, Bàsítì wà láàárín wọn, ó ń kan ìṣó, ó ń sunkún. Nísàlẹ̀, Ìyá Kàrímọ́tù àti Patricia ń ṣiṣẹ́ wọn. Èmi di ẹ̀yìn Màrdíyà mú, mo ń gbàdúrà, òun náà ń képe Ọlọ́run lọ́nà tirẹ̀. Wọ́n kan páànù tó gbẹ̀yìn, òjò sì dé. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ará òkè ò gbọ́ igbe ọmọ. Èmi ni mo jáde sínú òjò, tí mo pariwo sí Bàsítì pé obìnrin ni, àtìyá àtọmọ, àlàáfíà ni. Díákónì Mákánjúọlá jó nínú ẹrẹ̀ títí bàtà rẹ̀ kan fi sọnù. Kò sí ibi kan tó jò.

Wọ́n ti sọ ọmọ náà lórúkọ lẹ́yìn tí a padà dé. Àmínátù ni, ṣùgbọ́n Ìyá Kàrímọ́tù ní Fadékẹ́ lòun ó máa pè é. Lọ́jọ́ tí a ń bọ̀, iṣu tí wọ́n dì sọ́kọ̀ wa pọ̀ ju páànù tí a kó lọ. Díákónì ò sọ̀rọ̀ òfin mọ́. Àwọn aṣọ́bodè béèrè bóyá oko la ti ń bọ̀.

Ó ku èsì rẹ. Kérésì tó kọjá, mo di ẹja gbígbẹ etí odò, gàrí àti ẹ̀gúsí fún ọ. O ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, gbogbo rẹ̀ wà níbí." Mo tú ẹrù náà. Mo jẹ ẹja yẹn, kò dùn lẹ́nu mi. Gbogbo ìgbà lo ń fún mi, mo ń gbà, mo ń ṣàdúrà fún ọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí nǹkan mi ti dé ẹnu rẹ. Ó ń dùn mí, n kò sì mọ ohun tí mo lè pè é títí Màrdíyà fi là á yé mi. Mo fẹ́ràn ilé Felele náà. Ṣùgbọ́n ilé ọmọ mi ni mo fẹ́ wọ̀, n kò fẹ́ wọ ilé àlejò. Nítorí náà Deborah, ọmọ ará ìjọ wa tó ń bọ̀ ní Kánádà, yóò gbé ẹja wá fún ọ pẹ̀lú ìwé yìí. Jẹ ẹ́. Ọjọ́ tí o bá jẹ ẹ́ tán ni n ó kó lọ sí Felele.

Kí Olúwa tó bo orí Màrdíyà bo orí tìrẹ náà. Òtútù ibẹ̀ ò ní ṣe ọ́ léṣe. Wàá rí ojúure lọ́wọ́ àwọn tí o ń bá ṣiṣẹ́. Èmi náà á gbé ọmọ rẹ jó, kò ní pẹ́ kò ní jìnnà.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì tún fẹ́ bọ́ ọ,

Fadékẹ́ Kọ́mọláfẹ́.

Àfikún: Abọ́ tánganran tí ẹja náà wà nínú rẹ̀, ti Ìyá Kàrímọ́tù ni, òun ló fi ta mí lọ́rẹ. Fi rán Deborah padà sí mi. Má fi ṣokoléètì sí i, má fi nǹkan kan sí i. Òfìfo ni mo fẹ́ kó dé.