Àdín Tí A Fi Ra Dúpẹ́ Lára

Ṣakí, Ọjọ́rú, ìgbà ọyẹ́, 1984

Àwọn ṣọ́jà wá láti bárékè lónìí, àwa àtàwọn jọ kọ́ bí a ṣe ń paná ìgbẹ́. A rẹ́rìn-ín gan-an. Ìyá kan ní, "Ṣọ́jà, ẹ rọra da omi yẹn o, ibi tá a ti pọn ọ́n jìnnà!"

Nọ́ọ̀sì wọn wá ní omi tútù nìkan ni kí a dà sára ẹni tí iná jó, kí a má fi àdín ra á.

Àdín ni ìyàwó mi fi ra Dúpẹ́ ọmọ wa nígbà tí iná jó o lọ́yẹ́ èṣí, kó tó kú.

A délé, ìyàwó mi ní, "Bàbá Dúpẹ́, ṣé àdín yẹn ló pa á?"

Mo ní rárá.

"Ẹ búra."

Mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì, mo búra. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ta ni n óò bi? Bó bá tún bi mí lọ́la, n óò tún búra.