Ohun tí mo ń fún Dúdúyẹmí jẹ

Bàbá mi tí n kò rí kí káàárọ̀ mọ́,

Dúdúyẹmí ti bímọ. Abo ni. Ó dúdú bí ìyá rẹ̀, àfi funfun díẹ̀ ní ìdí ìrù. Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà níhìn-ín, ẹ kò ní jẹ́ kí n jókòó kí ẹ tó bi mí.

Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí màlúù náà bọ́ lọ́wọ́ wa. Kò pẹ́ tí a sin yín ni ọ̀rẹ́ yín ará Ẹfọ̀n, tó fún yín ní màlúù náà sìn, ránṣẹ́ sí wa. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, yóò wá wò ó. Bí ó bá rù, yóò mú un lọ fún ẹlòmíràn. Ọmọ àkọ́bí màlúù náà ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín gẹ́gẹ́ bí àdéhùn yín. Oyún tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà ni ìpín tiyín. Ṣé kí n wá máa wò ó kó lọ di ti ọgbà ẹlòmíràn?

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí le, Bàbá. Iná pápá jó gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè, koríko tó ṣẹ́ kù gbẹ bí ọwọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà ní bùdó ogun. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀hún fẹ́ wá, a máa ń gbọ́ ìbọn, Ìyá á sì fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí ìbọn yóò fi dáwọ́ dúró. Ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà wọ Ìjerò ti dí. Èmi nìkan ni mo dúró níwájú ohun tó wà nílé, tí mò ń ro èyí tí màlúù yóò jẹ: èèpo iṣu, èèrí bàbà tí Ìyá sẹ́ kù, pòròpórò, ewé ìyeyè.

Èèrí ni mo yàn. Mo rò pé ohun tó sún mọ́ oúnjẹ èèyàn ni yóò tètè mú un sanra. Mò ń kún ọpọ́n fún un láràárọ̀, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò lọ sí pápá mọ́. Ó dúró ti ọgbà, ó ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Inú mi dùn; mo ní ó ti mọ̀ mí. Àfi bí ikùn òsì rẹ̀ ṣe wú, tó kọ omi, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ikùn ara rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí igi yín, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wà lórí ọgbà, tí ẹ fi ń tú ìgbẹ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun. Ìyá a máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ wò ó, bàbá yín ti lọ kí ìgbẹ́ màlúù káàárọ̀ kó tó kí ará ulé!” Gbogbo wa a bú sẹ́rìn-ín. Ẹ kì í dá wa lóhùn. Ẹ ó nu igi náà mọ́ koríko, ẹ ó gbé e padà sí àyè rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ohun tí ẹ ń rí fún wa? Àbí ẹ̀ ń dúró kí ẹnì kan béèrè?

Igi náà ṣì wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ tí mo tú rọ̀ bí ògì, èèrí sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wọlé. Mo gbé ọpọ́n kúrò, mo sì ń da màlúù náà lọ, mo ń dà á bọ̀ ní pápá títí ikùn náà fi rọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, koríko ló ń kọ́kọ́ jẹ, bó tilẹ̀ gbẹ. Bí ìgbẹ́ bá le, mo máa ń fi àdá yín gé ewé ìyeyè tútù fún un. Bí ó bá rọ̀, pòròpórò ni. Ní ìrọ̀lẹ́, èèpo iṣu tí mo ti sá lórí àpáta, èèrí ẹ̀kúnwọ́ kan, àti eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ dípò iyọ̀. Mo wá rí i pé pápá ni oúnjẹ rẹ̀. Ohun tí a ń gbé wá láti ilé kàn ń ràn án lọ́wọ́ láti jẹ pápá ni.

Èèpo náà kò rọrùn láti rí. Ìyàn mú, àwọn kan ti ń lọ èèpo tiwọn mọ́ èlùbọ́. Ìyá wo apẹ̀rẹ̀ mi, ó wo mí. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí bó iṣu nípọn díẹ̀ ni.

Òjò rọ̀, ọ̀rẹ́ yín dé. Ó yí Dúdúyẹmí ká, ó fọwọ́ tẹ ìhà rẹ̀, ó wo igi orí ọgbà. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ opó. Ọkùnrin náà ní, “Ẹni tó ń bọ́ màlúù yìí ò tíì kú.” Ó mu omi, ó sì gba ọ̀nà Ẹfọ̀n lọ lọ́wọ́ òfo.

Ta ló rí, Bàbá? Èmi ni, àbí ẹ̀yin?

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń jáde, mo gbọ́ ohùn Ìyá lẹ́yìn mi: “Ó tún ti lọ kí i o!” Ó rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. N kò dá a lóhùn. Mo nu igi náà mọ́ koríko, mo gbé e padà sí àyè rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí igi yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.