Ẹṣin Tí Dókítà Ní Kí N Gùn

Ilé Balnacraig,
Lẹ́bàá Crieff,
Ilẹ̀ Scotland.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, ọdún 1764.

Effie, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ilé, báwo ni ọ̀nà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti fi í sílẹ̀? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí àga kan ṣoṣo yẹn? Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo kọ̀wé sí ọ gbẹ̀yìn. Má bínú. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ ni.

O ti gbọ́ pé ara mi kò yá. Kò kúkú sí ibi kan tó ń dùn mí. Láti ìgbà tí ẹṣin aláwọ̀ eérú wa ti ju Ninian ọmọ wa sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń la odò kọjá, tó sì kú, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi, oorun kò wá, ẹkún náà kò sì wá. Lọ́jọ́ kan mo di ìkòkò gbígbóná mú. Tibbie tó ń dáná fún wa ló pariwo kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ti bó.

Mungo ọkọ mi wá kọ̀wé sí dókítà kan ní Edinburgh, bí gbogbo ẹni tó jìnnà sí ìlú ńlá ṣe ń ṣe. Ó ṣàlàyé ahọ́n mi, inú mi, àti bí mo ṣe ń sùn. Ó kọ bí ìtọ̀ mi ṣe rí pàápàá. Kò dárúkọ Ninian. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni kò ti dárúkọ rẹ̀ mọ́, èmi náà kò sì sọ pé kó fi í kún un.

Èsì dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mungo sì kà á sókè nídìí oúnjẹ. Dókítà ní kí n máa mu wàrà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láàárọ̀, kí n jìnnà sí ẹran lálẹ́, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára mi. Ó wá ní oògùn tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí n máa gẹṣin lójoojúmọ́, torí mímì tí ẹṣin bá ń mì mí ni yóò tú ohun tó dì sínú mi. Ibẹ̀ ni Mungo ká lẹ́tà náà sí. Ẹṣin kan ṣoṣo la ní. Láti ọjọ́ tó ti ju ọmọ wa sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gùn ún, kò sì sẹ́ni tó ní kí a tà á. Ó kàn ń jẹko lẹ́yìn ilé ni.

Tibbie ló kọ́kọ́ lanu. "Ẹni tí ò rójú aláìsàn rí, ojú ta ló ń wò tó fi ń wo àìsàn? Ẹ jẹ́ n fi lẹ́tà yẹn dáná, ọ̀gá."

Mungo ní kó lọ fọ abọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló di ẹṣin náà ní gàárì. Mo bi í pé, "Ṣé èyí lẹ fẹ́ kí n gùn?"

"Ohun tí dókítà kọ nìyẹn."

"Dókítà ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé kò mọ̀. Gùn ún, Grizel. Mi ò lè sin ẹlòmíì."

Mo gùn ún. Ẹ̀rù kò bà mí, inú kò sì bí mi sí ẹranko náà. Mungo di ìjánu mú, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwa kọ́ la yan ọ̀nà. Ẹṣin náà gba ibi tó ti mọ́ ọn lára títí a fi dé odò, ó sì dúró. Mungo kò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ọjà Perth ló wà nígbà tí wọ́n gbé ọmọ wálé.

"Níbo gan-an ni?"

Mo nawọ́ sí òkúta pẹlẹbẹ kan láàárín omi, èyí tí àwọn tó gbé e wálé júwe fún mi. Ó wọnú odò tòun ti bàtà, ó jókòó lé e, ó wá ń pe Ninian, Ninian, bí ìgbà tí èèyàn ń pe ọmọ wá jẹun. Mo jókòó lórí ẹṣin, mò ń wò ó. Ì bá wù mí kí n sọ fún ọ pé mo sunkún. N kò sunkún. Ooru ara ẹṣin náà ló ń wọ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ nǹkan kan lára gbẹ̀yìn.

Ibà ti dá Mungo dùbúlẹ̀ láti ìgbà náà. Wàrà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n ní kí n máa mu, òun ni mò ń fi ṣíbí bù sí i lẹ́nu. Àìsàn la lè wò, a kì í rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Ó ní kí n kọ̀wé sí dókítà, kí n sọ bí ahọ́n òun ṣe rí.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ. Tibbie kí ọ, ó ní ṣé wàràkàṣì òun dé láìbàjẹ́.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà dókítà náà. Ahọ́n kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kọ ni pé, A bí ọmọkùnrin kan, Ninian lorúkọ rẹ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ síbẹ̀síbẹ̀,
Grizel.