Ajá Tó Fò Sódò Nítorí Ohùn Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o jí dáadáa níbi tí o wà? Ṣé ọrùn kò dùn ọ́ láti orí ìwé tí o ń tẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde? Èmi àti ìyá rẹ wà bí a ti wà, a kò lówó, a kò sì ṣàìsàn, orúnkún mi nìkan ló máa ń ké tí mo bá ń wọ ọkọ̀, ìyá rẹ sì ní kì í ṣe orúnkún ló ń ké, ó ní ọkọ̀ ni. Ọlọ́run tó dá odò, tó sì dá èbúté sí etí rẹ̀, kò ní jẹ́ kí o wá ibi gúnlẹ̀ sí tì. Kí ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ má sùn gbàgbé. Àmín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bi ọ́ rè é, jọ̀ọ́ má fi pamọ́ fún mi: ṣé omi kò wọ̀ ọ́ létí lọ́jọ́ tí o ṣubú sódò? Ṣé òtútù kò mú ọ? Ìyá rẹ ní kí n má kọ ìbéèrè yẹn, pé àwọn tí ẹ jọ ń kàwé á fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo wà nínú ọkọ̀, èmi ni mo gbọ́ ohùn rẹ lójú omi. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí bóyá níbi tí o wà nínú fóònù yẹn, o kò rí gbogbo rẹ̀ dáadáa.

Ajá tí o fi ránṣẹ́ gúnlẹ̀ láyọ̀. Nígbà tí awakọ̀ lọ́rì ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ìyá rẹ bi í pé ta ló ra màlúù, awakọ̀ ní ẹ̀yin ni ìyá, ọmọ yín ló ní kí n já a fún yín. Ó dúdú kirikiri, irun rẹ̀ pọ̀ ju ti àgùntàn lọ, orí rẹ̀ tó ìkòkò. O ti sọ fún wa pé Niufaundilandi ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, pé erékùṣù olótùútù ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, pé wọ́n máa ń bá àwọn apẹja fa àwọ̀n nínú omi. Mo yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, òótọ́ lo sọ, awọ wà láàárín ọmọ ìka rẹ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. O tún ní onílé rẹ ló ṣí lọ tó fi í sílẹ̀, àti pé nínú gbogbo ìlú ńlá yẹn, òun nìkan lẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sọ ajá náà ní Àlejò. Ìyá rẹ sọ ọ́ ní Àjẹẹ̀yó. Méjèèjì ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n èyí kejì ló máa ń tètè dáhùn, torí oúnjẹ ló sábà máa ń tẹ̀lé e.

Ìyá rẹ kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. O mọ̀ pé yàrá tó ń ránṣọ kò fẹ̀, tí Àlejò bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò síbi tí yóò ti ráyè tẹ maṣíìnì. Irun dúdú sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun àwọn oníbàárà. Lọ́jọ́ kan ó ti odò dé, ó gbọnra lẹ́ẹ̀kan péré, aṣọ ìyàwó tó wà lórí okùn di aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Onípákó, ẹni tí mo máa ń bá kó pákó kọjá odò, wá wọn ṣòkòtò. Ó wo Àlejò, ó ní irú ajá yìí ni òun ń wá tí òun máa so mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí òun ń kó pákó sí, kí olè lè máa gba ibòmíràn. Mo ní a kì í so àlejò mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ ní àlejò tí kò lọ, tí kò ṣiṣẹ́, tó sì ń jẹ ju onílé lọ ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá gbèdéke fún mi: lọ́jọ́ tí pákó Onípákó bá tún máa kọjá odò, bí ajá yìí kò bá tíì lè gbé ẹyọ nǹkan kan nínú omi wá léni lọ́wọ́, Onípákó ni yóò mú un lọ. Mo gbà, torí ta ni mo fẹ́ kọ̀ fún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọ?

Mo tẹ̀lé gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe. O ní kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀. Mo fi okùn wé igi kan kó lè dùn ún fi eyín mú, mo fi sí i lẹ́nu, mo ní kó dì í mú, mo na ọwọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́, mo fún un ní ẹran. Ó mọ èyí kíákíá. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ó ń gbé bàtà mi wá, ó gbé gèlè ìyá rẹ wá, ó gbé ṣíbí inú ọbẹ̀ wá pẹ̀lú ọbẹ̀ lára rẹ̀. O ní kí n má jù ú sómi láé, kí n jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ta ló fẹ́ gbé e jù? Ó wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó jókòó sínú omi dé ọrùn bí ọba, mo ju igi, igi náà ṣàn kọjá níwájú imú rẹ̀, ó wò ó lọ bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo wá rò ó pé bóyá kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é ni. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo fi igi sẹ́nu, mo lúwẹ̀ẹ́ láti àárín odò wá sí etí rẹ̀ kó lè rí i. Àlejò jókòó, ó ń wò mí. Bí mo ti gòkè pẹ̀lú igi lẹ́nu ni mo rí Onípákó ní èbúté, ó di ìdí mú, ó ní, Bàbá Atukọ̀, ta ló wá ń kọ́ ta báyìí? Ìyá rẹ mú ẹran inú abọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹni tó bá gbé e wá ló ni ín. Mo jẹ ẹ́. Ẹran náà kò burú.

Ó wá ku fóònù tí o fi rán awakọ̀ lọ́rì sí mi, èyí tí o ní o ti sọ ohùn rẹ sí nínú torí ohùn rẹ ni Àlejò mọ̀. Mo tẹ ibi tí o fi ọ̀dà pupa kùn, o sì dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, o ní gbé e wá, ọmọ dáadáa, gbé e wá. Inú mi dùn. Mo kí ọ, mo bi ọ́ nípa ẹ̀kọ́ rẹ, o ní gbé e wá. Mo sọ fún ọ pé àbúrò ìyá rẹ ti bímọ, o ní ọmọ dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin ni. O ní gbé e wá. Mo ní ọmọ ọwọ́ tí kò tíì dé ìta, báwo la ó ṣe gbé e wá sí ìlú ńlá? O kò gbọ́, o ń tẹnu mọ́ ọn. Mi ò fẹ́ bá ọ wí nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kọ́ yín ní ìwé, kí wọ́n má ṣe kọ́ yín débi tí ẹ ó fi gbàgbé ìkíni.

Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí o bá ti fọhùn, Àlejò á dìde. Á wo ẹ̀yìn fóònù, á wo ẹ̀yìn mi, á lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà á padà wá dùbúlẹ̀, á mí kanlẹ̀. Kì í tilẹ̀ bojú wo igi.

Ọjọ́ pákó pé. Mo kó pákó sínú ọkọ̀, Onípákó jókòó sórí ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì tuntun lọ́wọ́, Àlejò dúró síwájú ọkọ̀, ìyá rẹ pa maṣíìnì tì, ó wá dúró ní èbúté. Mo ti fi fóònù sínú ọ̀rá bí o ti wí, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má bàa rì, mo dì í lẹ́nu, mo fi okùn gbé e kọ́rùn. Nígbà tí a dé àárín odò, mo tẹ ibi pupa náà, mo ju igi. O ní gbé e wá. Àlejò yán. Mo tún ju òmíràn. Ó jókòó. Onípákó mi ṣéènì rẹ̀, ó ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, pé kí n má dààmú ara mi mọ́. Ojú ń tì mí. Mo tẹ̀ síwájú láti bá Àlejò sọ ọ̀rọ̀ sétí, pé jọ̀ọ́ ṣàánú mi, okùn ọrùn mi há mọ́ ẹnu pákó, ó já, o sì ṣubú sódò.

Ọmọ mi, odò ń gbé ọ lọ, o sì ń pariwo nínú ọ̀rá pé gbé e wá, gbé e wá! Mo fi àjẹ̀ sílẹ̀, mo ké pé ẹ gbà mí o, ọmọ mi ti bọ́ sómi! Àwọn tó ń fọṣọ ní èbúté fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n bẹ́ sódò, wọ́n ń wá ọmọ. Àlejò kò wo ẹnikẹ́ni. Ó fò láti inú ọkọ̀, omi tó ta sókè bo Onípákó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fi ìrù ṣe ìtọ́kọ̀, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ yẹn wa omi, ó lé ohùn rẹ bá, ó sì fi ẹnu gbé e jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí adìyẹ bá ń yí ẹyin. Kò gbé e padà sọ́dọ̀ mi. Ó gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ lọ, ó gòkè, kò gbọnra, ó fi ọ́ lé e lọ́wọ́. O ní ọmọ dáadáa. Ìyá rẹ ní, èmi nìyí, ọ̀wọ́n mi, ṣé o jẹun?

Òun náà ló ń sọ báyìí pé o kò sí nínú fóònù, pé ẹ̀rọ lásán ni. Mo ní ta ló wá ń bi bóyá ó jẹun? Ó ní kí n lọ wa ọkọ̀ mi.

Eyín Àlejò ti lu ọ̀rá náà, omi ti wọlé. Mo fi kúbùsù wé fóònù, mo sá a sóòrùn, mo rọra tẹ ikùn rẹ̀ kó lè pọ omi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn o kò fọhùn mọ́. Atúnfóònùṣe ní ó ti kú. Mo ní kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí mi lórí ọmọ. Torí náà ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Tètè fèsì, kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Onípákó gbàgbé ṣéènì rẹ̀ sínú ọkọ̀, òun ni mo fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ báyìí, ó dára púpọ̀. Nígbà tí pákó rẹ̀ kan yọ̀ bọ́ sódò lẹ́yìn náà, ìyá rẹ ló ti èbúté pè pé gbé e wá, o mọ̀ pé ohùn yín jọra, Àlejò sì fà á wá gúnlẹ̀. Nǹkan kan tó ku tí kò yé e ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú omi ló yẹ kó gbé wá. Tíṣà ìṣirò lọ wẹ̀ lódò ní ìrọ̀lẹ́, Àlejò di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, ó fà á wá fún ìyá rẹ. Tíṣà ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọjú sẹ́yìn. Ìyá rẹ kọjú sẹ́yìn, ó sì na ẹran sí ajá láti ẹ̀yìn. Kò pè é ní Àjẹẹ̀yó mọ́. Ọmọ mi ló ń pè é.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, bó ti wù kó kéré, fi ránṣẹ́ fún ẹran rẹ̀, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Bí o bá sì rí fóònù mìíràn, sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sínú rẹ̀, má sọ gbé e wá nìkan. Kí ìyá rẹ. Sọ ohun tí o jẹ. Èmi ti pinnu pé mi ò ní gbé ọ kọ́rùn mọ́, inú ilé lo máa wà.

O sọ nígbà kan pé láti àárọ̀ di alẹ́ kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ níbẹ̀, pé ẹ̀yìn kíláàsì lo ń jókòó sí. Mo fẹ́ kí o máa rántí ajá tó fò sódò láìbèèrè, torí ó gbọ́ ohùn rẹ. Ẹni tí wọ́n ń wá lẹ́yìn ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ kì í ṣe ẹni tó dá wà. Ọlọ́run á fi àwọn tí yóò gbọ́ ọ yí ọ ká. Omi kò ní gbé ọ lọ, bó bá sì fẹ́ gbé ọ, ẹni tí yóò lúwẹ̀ẹ́ bá ọ á ti wà nínú omi.

Mo fẹ́ ká lẹ́tà yìí sínú ọ̀rá báyìí. Awakọ̀ lọ́rì ń dúró ní òdìkejì odò, orúnkún mi sì ń ké, torí náà Àlejò ni yóò gbé e kọjá fún un. Bí o bá rí àpá eyín lára ìwé yìí, má bínú, ó kí ọ ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.