Ohun Tó Ń Sọ Atukọ̀ Ojú Sánmà Di Olè

Màámi, ara mi le o. Ìtàn géèmù ni mo ṣì ń kọ fún iléeṣẹ́ wọn lókè òkun níbí, ti ọkọ̀ onígbòkun tó ń rìn láàárín ìràwọ̀. Ọ̀gá bi mí pé kí ló lè sọ àwọn atukọ̀ inú ẹ̀ di olè. Mo ní, "Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí mọ́ àpótí. Wọn ò lè délé láìjà á gbà."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Irọ́! Ọ̀gá wo ló burú tó yẹn?"

Ojú ò tiẹ̀ tì í! Pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa ló tì mọ́ dúrọ́ọ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ń ró lápò ẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní lè wá síbi ìgbéyàwó àbúrò mi. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ẹ bá mi kí ìyàwó, kẹ́ ẹ jó tèmi mọ́ tiyín.