Àwòrán Ọkàn Tó Wà Lára Ike Bọ́tà

Àǹtí Ìgbẹ́kẹ̀lé,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ tí wọn ò gbọ́ Yorùbá mọ́. Láídé ìyàwó mi ń kí yín, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti san. Omi òjò wọ pálọ̀ wa, ó jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta bí àlejò.

Àǹtí, ọ̀rọ̀ Màmá wa ni mo fẹ́ sọ. Rọpárọsẹ̀ tó mú wọn yẹn, èmi náà lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí dókítà ní BP wọn ga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra bọ́tà oníke kan nítorí pé wọ́n ya ọkàn pupa sí i lára. Ẹni tó tà á ní, "Ọ̀gá mi, oògùn ọkàn nìyẹn." Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń pa á sára búrẹ́dì fún wọn láràárọ̀.

Mo gbé ike náà dání lọ sí ọsibítù kí n lè fún wọn ní búrẹ́dì, ni nọ́ọ̀sì bá yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Ó ní òfin ní kí àwọn tó ń ṣe é kọ iye ọ̀rá burúkú tó wà nínú ẹ̀ síta. Wọ́n kọ ọ́ lóòótọ́, sẹ́yìn, ó kéré bí ẹyin èèrà.

"Ṣé ẹ ò kà á ni?"

Mo ní àwòrán ni mo kà. Kò rẹ́rìn-ín.

Mi ò tíì jẹ́wọ́ fún Màmá. Nígbà tí wọ́n béèrè bọ́tà wọn, mo purọ́ pé ó ti tán ní gbogbo ọjà Ṣàngótẹ̀dó. Ni wọ́n bá fi ẹnu tó wọ́ yẹn gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn tó ń ṣe bọ́tà. Gbogbo ìjọ ṣàmín. Èmi náà ṣàmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, ẹ bá mi sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ ní mi ò mọ̀ ni.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn léṣe.

Àbúrò yín,
Akínlabí